Ọmọ Bíríkìlà àti Onílé Orí Táyà

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ẹnu ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní mo tẹ̀lé awakọ̀ lọ. Àwọn kan ní ọkùnrin tí ò nílé ló gbé mi. Irọ́ ni! Ó nílé. Ilé ẹ̀ ló ní táyà. Ẹ ṣáà jókòó, ẹ jẹ́ n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kọ́tìnì ni mò ń rán. Kọ́tìnì, ìbòrí àga, èèpo tìmùtìmù, gbogbo nǹkan tó ń mú inú ilé dùn ún wò. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú tí mo fi páálí tì. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń ta gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá sọ pé ọkùnrin kan wà ní pápá tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó ń wá ẹni tó máa rán kọ́tìnì sílé òun. Mo mú téèpù mi, mo gbọ̀nà.

Mo dé'bẹ̀, mò ń wá ilé. Ilé dà? Ọkọ̀ gìrìwò kan ni mo rí, ó funfun, ó ga, ó ní fèrèsé, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní àtẹ̀gùn kékeré, kódà wọ́n sá táwẹ̀lì síta. Mo kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ohùn lábẹ́ ẹ̀.

"Bẹ́líìtì?"

"Mo fọwọ́ kàn án."

"Nọ́ọ̀tì ọ́ìlì?"

"Mo fọwọ́ kàn án."

"Fílítà?"

"Mo fọwọ́ kàn án."

Mo ní àwọn méjì ló wà lábẹ́ ńbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú wò ó. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo! Òun ló ń bi, òun náà ló ń dáhùn. Mo ní yéè, mo ti kó sọ́wọ́ wèrè lónìí. Mo ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ díẹ̀díẹ̀ kó tó pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ bàtà pupa, ẹ má lọ!"

"Ta lẹ jọ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ńbẹ̀?"

"Èmi àti ara mi ni."

"Ara yín wá ń dá yín lóhùn?"

"Ó ń dáhùn. Ó kàn jẹ́ pé kò gbádùn tó kéèyàn mìíì dáhùn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ó yọ jáde, ọ́ìlì kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́, ó tún kùn ún nímú. Ó ní iṣẹ́ òun ni kóun máa tún àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga ṣe, láti ìlú dé ìlú, ìdí tóun fi ń gbé inú ọkọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí fúnra ẹ̀, àyàfi tí nǹkan ńlá bá ṣe é, òun kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ́ìlì o, fílítà o, bẹ́líìtì o, bíréèkì o, omi rédíétọ̀ o, òun ni gbogbo ẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé mẹkáníìkì tán láyé ni?"

Ó ní, "Ilé mi ni. Ṣé ẹ máa ń pe èèyàn wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún yín?"

Ó ní kí n wọlé wá wọn fèrèsé. Ẹ̀yin èèyàn mi! Bẹ́ẹ̀dì wà ńbẹ̀, sítóòfù wà ńbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ìkọ́ wà ńbẹ̀, kí abọ́ má baà dà sílẹ̀ tí ilé bá ń sáré. Ó wá ká kápẹ́ẹ̀tì kan sókè láàárín àga méjì tó wà níwájú, ó ṣí ìdérí kan. Ẹ́ńjìnnì! Nínú pálọ̀! Ó jókòó síbẹ̀ bí ọkàn ṣe jókòó sáyà èèyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ́ìlì tuntun sí i. Ọ́ìlì yẹn ń ṣàn wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó pọ́n bí oyin, oòrùn sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá a, ó ń tàn. Èyí tó fà jáde lábẹ́ wà nínú ọpọ́n, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ṣé nǹkan kan náà nìyí?" ni mo bi í.

"Nǹkan kan náà ni. Iṣẹ́ ló sọ tọ̀hún di dúdú."

Orí mi wú. Láti kékeré ni mo ti ń gbé inú ilé, n ò rí ohun tó wà nínú ilé rí. Ògiri ni mo mọ̀. Ẹni yìí mọ gbogbo ohun tí ilé ẹ̀ ń mu, ó mọ ibi tó ti ń rẹ̀ ẹ́, ó mọ ohùn ẹ̀ tí inú ẹ̀ bá dùn.

Mo wá bi í nípa ìbéèrè àti ìdáhùn tó ń dá ṣe lábẹ́. Ó nu ọwọ́ ẹ̀ pẹ́.

"Màmá mi ló kọ́ mi. Kí a tó tan ọkọ̀, ẹnì kan á pè é, ẹnì kejì á fọwọ́ kàn án kó tó dáhùn. Tí ọwọ́ ò bá tíì débẹ̀, ẹnu ò gbọdọ̀ dáhùn. Wọ́n ní ẹnu lè wà níbí kí ọkàn wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò lè wà níbi tí kò sí."

"Màmá ńkọ́ báyìí?"

"Wọ́n ti lọ sinmi. Ìyẹn ni mo ṣe ń dá ara mi lóhùn."

Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí lára. Mo gbé téèpù mi sílẹ̀, mo ní, "Ẹ pè é. Ẹ jẹ́ n dáhùn."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Géèjì?"

Kí ló ń jẹ́ géèjì? Ó nawọ́ sí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, èyí tí wọ́n ń kì bọnú ẹ́ńjìnnì láti mọ ibi tí ọ́ìlì dé. Mo dì í mú. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Mo fọwọ́ kàn án."

Ẹ wò ó, ọkùnrin yẹn yíjú sí fèrèsé, ó ń ṣe bíi pé nǹkan wà níta tó ń wò. Kò sí nǹkan níta. Ògiri pápá ni.

Bí mo ṣe rán kọ́tìnì náà tán, mo lọ fi wọ́n kọ́. Ó ní kí n jókòó, ká wò ó bóyá wọ́n máa dúró dáadáa tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Mo jókòó.

A rìn jìnnà. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Fa kọ́tìnì yẹn." Fèrèsé tí mo ti fi ọwọ́ ara mi wọ̀n nìyẹn o, èyí tó kọjú sí ògiri lọ́jọ́sí. Mo fà á. Omi! Adágún omi tó lọ rẹrẹẹrẹ títí ó fi wọnú ojú ọ̀run, ẹyẹ funfun ń rìn létí ẹ̀ bí ẹni tó ni ín. Mo pa kọ́tìnì dé. Mo tún ṣí i.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń wò ó bóyá ó ṣì wà ńbẹ̀ ni."

Kò rẹ́rìn-ín o. Ó ní, "Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, kò tíì sú mi."

Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀, kí n má parọ́.

Láti ìgbà yẹn, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ránṣẹ́ pè mí, a óò jọ ṣe sávíìsì ilé. Ó kọ́ mi pé a kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìka tẹ bẹ́líìtì kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ti dẹ̀. Ohun tá a sì máa ń kọ́kọ́ pè, kí a tó pe ohunkóhun, ni ilẹ̀. "Ilẹ̀?" Èmi á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sílẹ̀, màá wo ọ̀tún, màá wo òsì, màá ní, "Mo fọwọ́ kàn án." Torí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú kéèyàn tó wọn ọ́ìlì. Tí ọkọ̀ bá dagun, ọ́ìlì á wọ́ sápá kan nínú ẹ́ńjìnnì, géèjì á máa sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn sọ́kàn o, mò ń bọ̀ wá bá a.

Àǹtí mi ló kọ́kọ́ fura. Àbúrò bàbá mi ni, bàtà ni wọ́n ń tà, ojú wọn kì í sì í fo nǹkan.

"Ta ló kùn ẹ́ ní gíríìsì lọ́rùn?"

"Gíríìsì wo, Àǹtí? Ara ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni."

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ wá ní ìka márùn-ún?"

Ojú tì mí, ilẹ̀ ò kàn lanu ni. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹni tó ń gbé ilé ẹ̀ kiri? Ìgbín nìyẹn! Ìgbín lo fẹ́ fẹ́!" Bó ṣe di Ìgbín nìyẹn, orúkọ náà ò sì kúrò lára ẹ̀ mọ́.

Wọ́n bá mi lọ sọ́dọ̀ Dádì. Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Dádì mi jẹ́ fún yín. Bíríkìlà ni wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọn ni wọ́n kọ́ gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa, tí wọ́n bá ń kọjá lọ wọ́n máa ń fọwọ́ gbá ògiri bí ẹni gbá ọmọ ẹ̀ léjìká. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Àǹtí gbé e kalẹ̀.

"Ojúlé kelòó ló ń gbé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ojúlé ẹ̀ ń yí padà ni."

"Báwo ni ojúlé ṣe ń yí padà?"

Àǹtí ṣàlàyé. Dádì gbé síbí wọn sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju kí wọ́n jù ú lọ.

"Ọmọ mi ò ní gbénú nǹkan tó ń mu epo. Ilé ni ohun tó ní ìpìlẹ̀. Èyí tó bá ń rìn, ìrìn-àjò ni, kì í ṣe ilé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tiẹ̀ rí ọmọkùnrin náà ná."

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Kó tó dúró kí n rí i, ó ti lọ."

Mọ́mì mi wà ńbẹ̀. Wọ́n kàn bu omi sí ife Dádì.

Kí n sòótọ́, ọ̀rọ̀ Dádì wọ̀ mí lára. Mo bá ara mi nínú yàrá, mò ń fọwọ́ pa ògiri tí wọ́n kọ́. Ó tutù, ó le, ó wà níbi tó ti wà látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo ní, ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé wàá lè máa jí láìmọ ohun tó wà lẹ́yìn fèrèsé? Ohun tó jọ mí lójú yẹn náà ló ń dẹ́rù bà mí. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, màá rántí omi adágún yẹn. Tí mo bá dákẹ́, màá rántí ìpìlẹ̀.

Mo lọ bá a, mo ní, "Tí Dádì mi ò bá fọwọ́ sí i, n ò ní bá ẹ lọ. Mi ò fẹ́ máa bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ojú ọ̀nà."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mi ò sì ní sọ pé kó o sá bá mi lọ." Ó tún ní, "Wọ́n ti pè mí síṣẹ́ lẹ́yìn òkè, níbi tí kànga pọ̀ sí. Mo ní láti lọ kí òjò tó dé, mo sì máa pẹ́ ńbẹ̀."

"Pẹ́ báwo?"

Kò dáhùn. Ọwọ́ ẹ̀ ò kàn án.

Àǹtí ló tẹ̀lé mi lọ bá a, wọ́n gbé ọgbọ́n kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n máa ń gbọ́. Ìgbín, gbé ìkarahun ẹ wá síwájú ilé wa, kó o ṣe sávíìsì ẹ lójú wọn, kí wọ́n rí bó o ṣe ń tọ́jú ilé."

Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Ẹ gbọ́, ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì! Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àlòkù sílẹ̀ kí ọ́ìlì má kán sójú títì wa. Dádì wà lókè lójú fèrèsé, ife tíì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń díbọ́n bíi pé ojú ọ̀run làwọn ń wò.

"Ilẹ̀?" ló pè.

Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sílẹ̀. Ilẹ̀ tí mo rá lé lórí, tí mo ti kọ́ ìrìn, tí mo ti ta òkòtó. Kí ni mo tún fẹ́ wò lára ẹ̀?

"Mo fọwọ́ kàn án."

Ó fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde, ó yí fílítà padà, ó da tuntun sí i. Ó fa géèjì yọ, ọ́ìlì ò tíì dé ojú àmì. Ó dà sí i. Kò dé. Ó tún dà sí i.

Mo ní, "Ó mà ń mu ún lónìí o."

"Bóyá fílítà tuntun yẹn ló ń fà á," ló wí, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò kúrò ní fèrèsé òkè.

Ó tan ọkọ̀, ó rọra gbé e lọ sókè àdúgbò. Kò tíì dé orí òkè nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀. Èéfín kọ́ o! Ìkùukùu ni! Ó funfun, ó tún ní búlúù nínú, ó bo ilé, ó bo igi, ó wọnú gbogbo aṣọ táwọn ará àdúgbò sá. Ẹnì kan pariwo pé, "Ilé ń jóná!" Ẹlòmíì dá a lóhùn láti òdìkejì, "Ilé kọ́, ìgbín ni wọ́n ń sun!" Àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Èmi dúró sójú títì, omi lé ròrò sójú mi. Mo ní ó ti tán. Lónìí ló tán.

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ọ́lẹ̀. Dádì náà ń bọ̀ láti inú ilé. Wọn ò wo ọkọ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"Ta ló sọ fún yín pé ibi tẹ́ ẹ ti wọn ọ́ìlì yẹn tẹ́jú?"

"Èmi ni, Dádì."

"Ìwọ tí wọ́n bí síbí?"

"Ìyẹn gan-an ni, Dádì. Mo rò pé ó tẹ́jú."

Wọ́n nawọ́ sí àtẹ̀gùn iwájú ilé wa. "Wò ó dáadáa. Apá ọ̀tún ńkọ́, apá òsì ńkọ́?"

Mo wò ó. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn, mi ò rí i rí pé apá òsì nípọn ju apá ọ̀tún lọ. Gbogbo àdúgbò wa ló dagun! Dádì ló ti fi búlọ́ọ̀kù gbé gbogbo wa dúró gbọnrangandan láti kékeré, a ò sì mọ̀.

Ìgbín ní, "Ẹ̀bi tèmi ni, sà. Èmi ni mo ni ọkọ̀. Fèrèsé yín ni mò ń wò."

Dádì ní, "Mo rí ẹ." Ẹnu wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n dá a lẹ́kun. "Ọ́ìlì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ní láti dín in kù, kí n tó tún tan án. Ibi tó tẹ́jú ni mo nílò."

"Jẹ́ kó yí bọ̀ wá sínú àgbàlá mi. Ibẹ̀ tẹ́jú, èmi ni mo da kọnkéré ẹ̀."

Báyìí ni ilé ṣe yí wálẹ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Ìgbín lórí bíréèkì, Dádì lẹ́yìn pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ láti fi há táyà. "Bọ̀! Bọ̀! Díẹ̀ sí i! Ó tó!" Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín dákẹ́. Ilé kan ń wọnú àgbàlá ilé mìíràn, kò sẹ́ni tó rí irú ẹ̀ rí.

Dádì ní kí ọwọ́ má tíì kan géèjì. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé rọ́bà gbọọrọ kan jáde, èyí tó mọ́ gaara tí omi wà nínú ẹ̀. Wọ́n mú igi méjì tí wọ́n sàmì sí ní ọgbọọgba. Wọ́n ní, "Ẹ fẹ́ mọ ibi tó tẹ́jú? Omi lẹ máa bi. Omi ò mọ ojú ẹnikẹ́ni." Wọ́n fún Ìgbín ní ìdí rọ́bà kan àti igi kan, wọ́n ní kó lọ sí igun lọ́hùn-ún.

Omi yẹn ń lọ, ó ń bọ̀ nínú rọ́bà, ó ń mí bí ẹni tó ń sùn. Ó wá dúró. Kò sẹ́ni tó dá a dúró o! Òun fúnra ẹ̀ ló mọ ibi tó yẹ kó dúró, níbí àti lọ́hùn-ún, lẹ́ẹ̀kan náà. Mò ń wò ó, mo gbàgbé pé mò ń sunkún.

Dádì pè é, "Omi?"

Ìgbín dáhùn, kò tiẹ̀ rò ó, "Mo fọwọ́ kàn án."

Dádì gbójú sókè. "Kí lo wí?"

Mọ́mì ló fọhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ti gbàgbé? Nígbà tá a ń kọ́ ilé yìí, èmi ni mò ń di ìdí kejì mú. Ẹ̀ ń pè, mò ń dáhùn. Oyún ọmọ yìí wà nínú mi nígbà náà. Ẹ ò jẹ́ kí ẹlòmíì dì í mú." Wọ́n yíjú sí mi. "Ẹni tó bá mọ̀ pé òun nílò ẹni tó máa di ìdí kejì mú, ó ní ìpìlẹ̀, Bàbá ọmọ mi."

Dádì yíjú sí rọ́bà náà. Wọ́n bi Ìgbín pé, "Ṣé ó dé ojú àmì?"

"Ó kọjá àmì, sà."

"Kò lè kọjá."

"Ó kọjá bí ìbú àtàǹpàkò."

Dádì lọ wò ó fúnra wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fojú sí i, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n tún fojú sí i. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ bíi ti ọmọdé tí wọ́n fi òṣùpá hàn.

"Igun yìí ti rì. Ilẹ̀ yìí ti rìn."

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá kọnkéré náà jẹ́jẹ́.

"Èmi ni mo dà á. Ó tẹ́jú bí omi lọ́jọ́ náà. Mò ń sùn lórí ẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá, ó ń rìn." Wọ́n wo ilé wọn, wọ́n wo ilé Ìgbín. "Ó ń rìn, mi ò gbọ́ ọ."

Wọ́n jókòó lé búlọ́ọ̀kù yẹn. Wọ́n wá ní, "Ìgbín."

"Sà."

"Láti táyà iwájú dé tẹ̀yìn, báwo ló ṣe gùn tó?"

Ìgbín ò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àǹtí mi ti mọ̀, wọ́n ti fi ìborùn bojú. Dádì ní kí wọ́n gbé sìmẹ́ńtì wá. Wọ́n fẹ́ da kọnkéré sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, kí omi fúnra ẹ̀ jẹ́rìí sí i.

"Mi ò tíì sọ pé mo gbà o," ni wọ́n wí, wọ́n ti ń ká apá aṣọ wọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣùgbọ́n ibí lẹ ó ti máa yí ọ́ìlì padà. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá rìn dé. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀ ń wọn ọ́ìlì ọmọ mi lórí ilẹ̀ ẹlẹ́yà."

"Ẹ́ńjìnnì tèmi ni, sà."

"Ọmọ tèmi ló ń di géèjì mú."

Kọnkéré kì í kánjú. Ìgbín dúró kó gbẹ. Kó tó gbẹ tán, a ti ṣe ìgbéyàwó, òjò sì ti dé. Iṣẹ́ ẹ̀yìn òkè dúró dè wá.

Mo ti fa kọ́tìnì mi lójú odò, lójú aginjù, lójú òkè tí ìkùukùu ń sùn lé lórí. Kò tíì sú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń mú omi bọ́ lójú mi jù fún yín, kí n tó dákẹ́.

Nígbà tá a kọ́kọ́ padà wálé, a rọra gbé táyà kọ̀ọ̀kan lé orí kọnkéré ẹ̀. Ọkọ mi pa ẹ́ńjìnnì. Ó wọ abẹ́. Ó pè é, "Ilẹ̀?"

Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ kàn án nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn táyà òsì. Dádì ló wà lórí orúnkún wọn níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, àtẹ́lẹwọ́ wọn lórí kọnkéré.

"Mo fọwọ́ kàn án," ni wọ́n wí. "Kò tíì rìn."